Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Pọ́ǹpù Kékeré Tí Yóò Ṣiṣẹ́ Nígbà Tí Táyà Kẹ̀kẹ́ Bá Jò Lójú Ọ̀nà

Ẹ wo táyà kí ẹ tó wo pọ́ǹpù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú èyí tó kéré jù, tàbí èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí lára, láìbéèrè bóyá ó bá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn mu. Ọjọ́ tí táyà bá jò ni wọ́n máa ń mọ̀ pé ọwọ́ á bó kí táyà náà tó le.

Lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 28-622 tàbí 57-622. Èyí tó ṣáájú ni ìbú táyà ní mìlímítà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìdábùú rímù níbi tí etí táyà jókòó sí. Ìbú yẹn ni ẹ máa fi yan pọ́ǹpù. Ẹ ó tún rí bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe lè le tó, yálà ní psi tàbí ní bar (bar 1 jẹ́ nǹkan bíi psi 14.5). Táyà tín-ín-rín ti kẹ̀kẹ́ eré ìje, mìlímítà 25 sí 28, sábà máa ń gba psi 70 sí 100. Táyà kẹ̀kẹ́ ojoojúmọ́, mìlímítà 37 sí 47, máa ń gba psi 40 sí 60. Èyí tó sanra ti kẹ̀kẹ́ orí òkè, mìlímítà 55 sókè, psi 20 sí 30 ti tó o. Ẹni tó sanra tàbí tó di ẹrù lè fi díẹ̀ kún un, kó má ṣáà kọjá ohun tí wọ́n kọ sára táyà.

Ikùn pọ́ǹpù ni ọ̀rọ̀ wà

Bí písítìn, ìyẹn ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ikùn pọ́ǹpù láti ti afẹ́fẹ́, bá ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ẹ̀kan títì yóò gbé wọlé, òun náà ló sì ń sọ bí ọwọ́ yóò ṣe nira tó. Kò sí pọ́ǹpù tó lè fún yín ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ àti ìrọ̀rùn pa pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Písítìn tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20 ń béèrè agbára tó tó kílò 22 lọ́wọ́ yín kí afẹ́fẹ́ tó lè wọ táyà tó ti wà ní psi 100. Bí písítìn bá jẹ́ mìlímítà 30, agbára yẹn di kílò 50. Kò sí ẹni tó máa fi ọwọ́ nìkan ti kílò 50 léraléra lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù tó sanra fi máa ń dùn ún lò ní ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò sì kọ̀ jálẹ̀ bí táyà tín-ín-rín bá ti fẹ́ máa le.

Ẹ wá yí i padà. Táyà 57-622 ní psi 25 nílò bíi lítà 9 àti ààbọ̀ afẹ́fẹ́. Táyà 28-622 ní psi 80 kò nílò ju bíi lítà 7 lọ. Táyà tó rọ̀ ju èkejì lọ ló ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ jù! Bí písítìn mìlímítà 20 bá ń rin mìlímítà 150 ní ẹ̀ẹ̀kan, táyà tín-ín-rín yóò gba nǹkan bí ìgbà 150, táyà ńlá yóò gba nǹkan bí ìgbà 200. Písítìn mìlímítà 30 tó gùn bákan náà yóò parí táyà ńlá yẹn ní nǹkan bí ìgbà 90, kò sì ní béèrè ju bíi kílò 15 lọ bó tilẹ̀ dé psi 30. Ẹ fi díẹ̀ kún iye wọ̀nyí, torí afẹ́fẹ́ kan máa ń ṣẹ́kù sínú orí pọ́ǹpù àti hóòsì ní gbogbo ìgbà.

Nítorí náà, bí táyà yín kò bá ju mìlímítà 32 lọ, ẹ wá písítìn bíi mìlímítà 20. Bó bá ju mìlímítà 45 lọ, ẹ wá mìlímítà 25 sí 30. Àwọn tó wà láàárín lè lo èyíkéyìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀. Gígùn ṣe pàtàkì ju bí àwọn olùtajà ṣe máa ń sọ ọ́ lọ: pọ́ǹpù tó wọ àpò ṣòkòtò ń yá gbé, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ẹ máa tì í lè di ìlọ́po méjì. Psi 120 tàbí 160 tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ohun tí ara pọ́ǹpù lè gbà ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ti apá yín.

Fáàfù àti orí pọ́ǹpù

Fáàfù mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Schrader sanra, irú rẹ̀ ló wà lára táyà mọ́tò. Presta tín-ín-rín, ó ní nọ́ọ̀tì kékeré kan lórí tí ẹ gbọ́dọ̀ tú kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Dunlop ni ẹ máa bá lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ló di inú rẹ̀ mú, ojú ihò Presta lára pọ́ǹpù sì ni ẹ máa lò fún un. Dunlop onírọ́bà ti àtijọ́ máa ń le fọwọ́ fẹ́ ju àwọn tó kù lọ, torí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti rọ́bà inú rẹ̀ kúrò lójú ihò.

Orí pọ́ǹpù mìíràn ní ihò méjì. Mìíràn ní ẹyọ kan tí ẹ máa ń tú, kí ẹ wá yí wáṣà rọ́bà inú rẹ̀ padà. Ẹ yí i sí ti fáàfù yín nílé, kí ẹ sì dán an wò. Wáṣà tó kọjú sí ibi tí kò yẹ ló máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé pọ́ǹpù tuntun ti bàjẹ́.

Bí ohun kan bá wà tó yẹ kí ẹ fi owó kún, hóòsì ni. Pọ́ǹpù tí orí rẹ̀ ń lọ tààrà sórí fáàfù máa ń mì fáàfù ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá ń lọ tó ń bọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí Presta á tẹ̀ tàbí kó kán, tàbí kí ìdí fáàfù ya lára tíúbù, ibẹ̀ yẹn kò sì ṣeé lẹ̀. Hóòsì tó gùn tó ìka ọwọ́ kan ti tó láti gba ìmì yẹn. Àléébù kan wà: hóòsì tí a ń dè mọ́ fáàfù lè tú inú Presta jáde nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́, kí gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ fún sì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi páláyà yí inú fáàfù náà le díẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Bí rímù yín bá ga, ẹ wo bí fáàfù ṣe yọ síta tó. Bí kò bá tó mìlímítà 15, ọ̀pọ̀ orí pọ́ǹpù kò ní dì í mú dáadáa.

Géèjì tó ń fi psi hàn ńkọ́? Kò burú bó bá wà. Èyí tó wà lára pọ́ǹpù kékeré sábà máa ń kéré jù láti kà dáadáa, ó sì jẹ́ ibòmíràn tí afẹ́fẹ́ lè gbà jò. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ táyà nílé nígbà tó wà ní ìwọ̀n tó yẹ, kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n.

Gáàsì àti pọ́ǹpù oníbátìrì

Agolo kékeré tí wọ́n rọ gáàsì CO2 gíráàmù 16 sí yóò fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ eré ìje ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Táyà ńlá nílò gíráàmù 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dì í mú lásán, torí agolo náà máa ń tutù dé ibi pé yìnyín lè bò ó. CO2 máa ń gba ara tíúbù jáde kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà táyà á ti máa rọ̀ ní ọjọ́ kejì: ẹ tú u dànù, kí ẹ fẹ́ ẹ lọ́tun. Ohun tó burú jù ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí etí táyà bá ti há tíúbù mọ́lẹ̀, gáàsì ti lọ. Ẹ lè gbé e, àmọ́ ẹ má fi pọ́ǹpù ọwọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Pọ́ǹpù oníbátìrì dára fún ẹni tí apá ń dùn. Ó ń pariwo, orí rẹ̀ ń gbóná, bátìrì tí ẹ kò bá sì ti fi iná sí láti oṣù mélòó kan lè já yín kulẹ̀.

Lójú ọ̀nà

Ẹ wá ohun tó gún táyà kí ẹ tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù. Ẹ fọwọ́ rọra pa inú táyà yí ká, torí ẹ̀gún tí ẹ bá fi sílẹ̀ á tún tíúbù tuntun gún. Bí ihò méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tíúbù, kì í ṣe ẹ̀gún: afẹ́fẹ́ ló kéré tí rímù fi fún tíúbù mọ́lẹ̀ lórí òkúta tàbí kòtò.

Ẹ ti afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú tíúbù kó lè yípo kí ẹ tó fi í sínú táyà. Bí táyà bá ti wọ rímù, ẹ ti fáàfù sókè sínú táyà, kí ẹ tún fà á wálẹ̀, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bóyá tíúbù ń yọjú. Fún Presta, ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré dé òkè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan títí yóò fi fọn, torí ó máa ń lẹ̀.

Ẹ tì í bí ìgbà 20, kí ẹ dúró, kí ẹ yí táyà. Ilà tó wà nítòsí rímù gbọ́dọ̀ dọ́gba yí ká. Ibi tó bá rì tàbí tó wú, ẹ tú afẹ́fẹ́ kí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ máa lọ, kí ẹ sì máa ti ìdìmú dé òpin. Bí ẹ bá ń tì í ní kúkúrú-kúkúrú, afẹ́fẹ́ á kàn ṣù sínú pọ́ǹpù, kò ní le tó èyí tó máa ṣí fáàfù. Bí kò bá sí hóòsì, ẹ fi ọwọ́ kan di orí pọ́ǹpù mọ́ táyà, kí ẹ gbé ìgúnpá rẹ̀ sórí itan, kó jẹ́ ọwọ́ kejì nìkan ló ń rìn. Ara pọ́ǹpù onírin á gbóná nítòsí orí rẹ̀, ẹ má dì í mú níbẹ̀.

Bí ó bá le láti ìtì àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì Presta kò tíì ṣí, tàbí orí pọ́ǹpù kò tẹ irin inú Schrader. Bí ìdìmú bá ń padà sí yín fúnra rẹ̀, ìdọ̀tí ti wọ fáàfù inú pọ́ǹpù. Bí ó bá ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni pé òfìfo ni, wáṣà písítìn ti gbẹ: ẹ tú u, ẹ nù ún, kí ẹ fi girísì sílíkónù díẹ̀ pa á. Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, torí ó ń mú rọ́bà wú. Bí ó bá sì ń fọn lẹ́nu fáàfù, wáṣà orí pọ́ǹpù ló ti jẹ. Ẹ bi olùtajà kí ẹ tó rà bóyá wọ́n ń ta wáṣà yẹn lọ́tọ̀, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.