Bí a ṣe ń gbé HDFS sí ẹ̀dà tuntun láìdá iṣẹ́ dúró

HDFS ni ètò ìtọ́jú fáìlì ti Hadoop, tó ń pín dátà sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà Hadoop 2.4.0 ni èyí ti ṣeé ṣe, bí NameNode yín (ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì wà) bá ti jẹ́ méjì, tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, tí èkejì sì wà ní ìmúrasílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pa àṣẹ `hdfs dfsadmin -rollingUpgrade prepare`, kí ètò náà lè tọ́jú ipò tí ẹ óò padà sí bí nǹkan bá yíwọ́. Ẹ máa fi `-rollingUpgrade query` yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi kọ «Proceed with rolling upgrade». Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú níbí. Lẹ́yìn náà, ẹ dá NameNode tó wà ní ìmúrasílẹ̀ dúró, ẹ fi ẹ̀dà tuntun sí i, ẹ fi `-rollingUpgrade started` tan án padà, ẹ gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ mú àwọn DataNode, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú dátà gan-an, kí ẹ fi ẹ̀dà tuntun sí wọn.

Bí `-rollingUpgrade finalize`, àṣẹ tó ń parí iṣẹ́ náà, bá ti wọlé, kò sí àbọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ dán iṣẹ́ gbogbo wò dáadáa ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má fi í falẹ̀ jù: títí dìgbà náà, àwọn DataNode kì í pa dátà tí ẹ bá yọ kúrò rẹ́ pátápátá, díìsìkì sì lè kún.