Sítátà tó ń ké “ká!”: bí mo ṣe tún un ṣe

Oko wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn kì í ṣe ibi tí ọ̀kadà lásán ń dé nígbà òjò. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ gíga ni mo ń gùn débẹ̀, 200cc, táyà eléyín. Odò kékeré kan dábùú ọ̀nà, bó bá sì kún, omi rẹ̀ á bo ẹ́ńjìnì dé ìdajì. Ọdún méjì ni mo fi ń la omi yẹn kọjá, tí mo bá tẹ bọ́tìnì sítátà (mọ́tò kékeré tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnì kó lè sọ), ẹ́ńjìnì á dáhùn. Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, tí mo tẹ̀ ẹ́, tí ohun tí mo gbọ́ kò ju “ká!” lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. “Ká!”

Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó síwájú ilé bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí kíìkì wà níbẹ̀? Fẹsẹ̀ gbá a, jẹ́ ká máa lọ.” Òótọ́ ni, kíìkì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì gbé àpò gbágùúdá sẹ́yìn alùpùpù gíga, tí ẹ́ńjìnì wá kú mọ́ ọn lábẹ́ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó jẹ́ pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń kan ilẹ̀, kò lè mọ ohun tí bọ́tìnì yẹn jẹ́ fún mi. Ẹsẹ̀ wo ni màá fi gbá kíìkì, èwo ni màá fi dúró?

Ríwáyà tó wà ní oríta kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó kó tó dájọ́: “Sítátà yín ti kú, ọ̀gá. Tuntun lẹ máa rà.” Nígbà tó pe owó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti alùpùpù mi padà sílé. Mo ní sípánà, mo ní mítà kékeré tí mo fi ń wo sólà ilé, ọjọ́ Àìkú sì ni.

Kí n tó tú nǹkan kan, mo kọ́kọ́ fetí sí i dáadáa. Bó bá dákẹ́ pátá, tí kò tilẹ̀ ké “ká”, fíùsì ni màá wò, màá wo súwíìsì tó wà lára kílọ́ọ̀ṣì àti ti sítáàǹdì, torí ọ̀pọ̀ alùpùpù ni kì í jẹ́ kí iná kọjá àfi bí jíà bá wà ní fíríì tàbí bí èèyàn bá di kílọ́ọ̀ṣì mú. Bó bá ń yí fìrìrì tí ẹ́ńjìnì ò bá a yí, jíà inú ẹ́ńjìnì tó máa ń di mọ́ra nígbà tí sítátà bá yí ló ti ń yọ̀. Bó bá ń ké “ká-ká-ká-ká” tí iná iwájú sì rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀, bátìrì lebi ń pa. Tèmi ké lẹ́ẹ̀kan péré, iná iwájú ò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ìyẹn ló ta mí lólobó. Sítátà tó bá ń jẹ iná gidi, iná iwájú gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún un. Ohun kan ló ń dí iná lọ́nà.

Mo fi mítà wo bátìrì: 12.6 fóltì. Èyí tó bá kún dáadáa máa ń wà láàárín 12.6 sí 12.8. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnì, ó rẹlẹ̀ sí 12.1. Bó bá já wá sísàlẹ̀ 9.6 ni mi ò bá bú bátìrì. Mo ti jíà sí fíríì, mo fi sukudíráfà àtijọ́ kan so orí bóòtì ńlá méjèèjì tó wà lára rìléè pọ̀, ìyẹn súwíìsì ńlá tó ń jẹ́ kí iná bátìrì dé sítátà. Ẹ má ṣe é níbi tí epo bẹntiróòlù bá ti ń jò o, torí ó máa ń ta iná. Ó ta díẹ̀, sítátà ò mira. Rìléè náà ò jẹ̀bi.

Ibi tí mítà ti sanwó ara rẹ̀ nìyí. Mo fi ẹnu pupa rẹ̀ kan orí pósítíìfù bátìrì, mo fi dúdú kan bóòtì tí wáyà ti wọ sítátà, a tẹ bọ́tìnì: 0.2. Ó dára, wáyà yẹn ò gbé iná pamọ́. Mo tún fi ẹnu dúdú kan nẹ́gétíìfù bátìrì, mo fi pupa kan ara sítátà fúnra rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́: 5.3! Ó yẹ kó sún mọ́ òdo. Ó ju fóltì márùn-ún lọ tó ń ṣègbé sójú ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì.

Mo tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì náà lọ. Abẹ́ ẹ́ńjìnì ló ti fi bóòtì kan mọ́ra, ẹrẹ̀ ti yí i ká bí ilé àgbọ́n. Mo kọ́kọ́ tú nẹ́gétíìfù bátìrì, torí bí sípánà bá fi pósítíìfù kan férémù nígbà tí nẹ́gétíìfù ṣì wà níbẹ̀, ojú á rí nǹkan. Nígbà tí mo yọ bóòtì yẹn, abẹ́ orí wáyà ti dípẹtà, ó hu nǹkan aláwọ̀ ewé bí èbu. Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi funfun, mo dì í padà, mo fi gírísì bò ó lókè.

A tẹ bọ́tìnì. Sítátà yí ìlàjì, ó dúró. Mo fi ìdí sípánà lù ú jẹ́jẹ́, ó yí. A tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Sítátà tó bá fẹ́ kí wọ́n nà án kó tó ṣiṣẹ́, kábọ̀n inú rẹ̀, ègé dúdú kékeré tó ń gbé iná fún bàbà tó ń yí nínú rẹ̀, ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí n tó ṣí i, mo fi ìṣó fa ìlà sára ìdérí méjèèjì àti ara rẹ̀, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe kojú síra. Àwọn wáṣà tó wà níbi bóòtì wáyà, ti róbà àti ti irin, mo tò wọ́n sórí bébà bí mo ṣe ń yọ wọ́n, torí bí ti róbà bá ṣìnà, bóòtì á kan ara irin, iná á sì wọlẹ̀. Nígbà tí ìdérí ẹ̀yìn jáde, ohun tó dà sílẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ eruku kábọ̀n àti ẹrẹ̀ odò tó ti gbẹ, dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Kábọ̀n kan ń yọ́ wọlé, ó ń yọ́ jáde nínú ilé rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìkejì ti há pátápátá, sípíríǹgì ń tì í lásán, kò dé ara bàbà. Mo fi ìka tì í, kò gbọ́. Ìgbà tí mo fi epo bẹntiróòlù díẹ̀ fọ ilé rẹ̀ ló tó fò síwájú “pá!”

Bàbà tí kábọ̀n ń gbo lára ti dúdú. Sáńpépà tó kúnná gan-an ni mo fi wé e yípo títí ó fi pọ́n, mo wá fi etí abẹ́ kékeré kó ìdọ̀tí kúrò láàárín bàbà kan sí èkejì. Ẹ má lo pépà onírin o, ẹ̀rún rẹ̀ máa ń há sáàárín, ó sì máa ń gbé iná. Mo fi mítà wo bóyá bàbà kankan kan ọ̀pá àárín. Kò kàn án. Bẹ́ẹ̀ ríwáyà ní ó ti kú.

Ọ̀nà tí omi gbà wọlé ni róbà róbótó tó wà lọ́rùn sítátà, ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí àkàrà àná. Mo ra òmíràn tó bá a mu, mo fi gírísì pa á, mo to gbogbo ẹ̀ padà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, mítà rẹlẹ̀ sí 10.7, ẹ́ńjìnì sọ. Bí mo ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yára díẹ̀, mítà gùn dé 14.1, bátìrì ń gba iná padà nìyẹn.

Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ọmọ tó ń fọ ọ̀kadà fi páǹpù alágbára kọjú sí ìdí sítátà. Bí ẹ́ńjìnì ò bá tètè sọ, mi ò kì í tẹ̀ ẹ́ kọjá ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, màá sì jẹ́ kó sinmi fún bí ọgbọ̀n kí n tó tún tẹ̀ ẹ́. Kábọ̀n tó há yẹn ti kúrú ju èkejì lọ, mílímítà méje ló kù. Mo ti ní kí ẹni tó ń lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì bá mi mú méjì bọ̀.