Bí a ṣe ń tún gbọ̀ngàn ìlú ṣe tí ọ̀dà rẹ̀ kò fi ní bó

Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìlú tó wà káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, owó tí àwọn bàbá wa dá jọ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó máa ń dùn mí gan-an tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, bá náwó sí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n pe ọba àti ìjòyè wá ṣí i, tí ìsàlẹ̀ ògiri sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hu funfun kí ọdún tó yípo. Ohun kan náà ló máa ń fà á: wọ́n ti bo omi mọ́ inú ògiri.

Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọba ìlú, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa fọwọ́ sí owó ní báńkì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ọlọ́jà, torí wọ́n mọ iye tí nǹkan ń jẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ ra sìmẹ́ǹtì àti páànù. Owó iṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fún agbaṣẹ́ṣe.

Ẹ má tíì dá ọjọ́ ìṣílé. A máa ń fẹ́ parí irú iṣẹ́ yìí kó tó di Ojúde Ọba, ọdún ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, torí ìgbà yẹn làwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń wálé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, oṣù òṣùpá ló sì ń tẹ̀ lé, torí náà ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ló bọ́ sí lọ́dún 2024. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Àárín òjò nìyẹn. Ilé tí ẹ bá fẹ́ ṣí ní Ojúde Ọba, oṣù kọkànlá ọdún tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ọyẹ́ lè bá yín gbẹ ògiri.

Òrùlé la fi ń bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà yín mọ bí wọ́n ṣe ń kan páànù, n kò ní í sọ ìyẹn. Ẹ sáà fi ìṣó gún igi orí ògiri kẹ́ ẹ tó san owó páànù. Ibi tí ìṣó bá ti wọlé wẹ́rẹ́, omi tàbí ikán ti jẹ ẹ́, ẹ yọ ọ́. Afárá kò wọ́n bí ìrókò, àmọ́ ikán fẹ́ràn rẹ̀. Tí òun lẹ bá rà, ẹ fi oògùn ikán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀, pàápàá ojú ibi tí wọ́n ti gé e.

Tí òrùlé àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, ìyẹn páànù tó nípọn tó láwọ̀ eérú, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ tó lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Ẹ fi omi rin ín, ẹ tú u sọ̀kalẹ̀ lódindi, ẹ fi ọ̀rá dì í, kí ẹ sì bi ìjọba ìbílẹ̀ níbi tí ẹ lè kó o sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ bo ilé adìyẹ.

Ó wá ku ògiri, ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wá ibi tí omi ti ń wá. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti wá. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ lóde ló tutù, afẹ́fẹ́ inú ilé ló lọ́rinrin. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ lẹ ọ̀kan sísàlẹ̀, ọ̀kan sáàárín, ọ̀kan sókè. Tó bá jẹ́ òkè ló tutù, ẹ padà sórí òrùlé. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ni ògiri ti ń fà á mu.

Ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ jáde síta kẹ́ ẹ wò ó: ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn àtijọ́, ilẹ̀ òde ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe ni wọ́n ń da ilẹ̀ pupa lé e, ọ̀gbàrá sì ń kó tirẹ̀ kún un. Ẹ wa ilẹ̀ yẹn kúrò títí yóò fi fi 15 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú lọ. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí a rọ omi sí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Kò wọ́n, kì í sì í parọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da kọnkéré yí ilé ká, kó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kó sì da gẹ̀rẹ́ sí òde. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ méje.

Ẹ wá ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò lára ògiri títí tí yóò fi kọjá ibi tí omi gùn dé, kí ẹ tún fi 30 sẹ̀ǹtímítà lé e. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò jálẹ̀ ọyẹ́. Ibí yìí gan-an ni sùúrù ìgbìmọ̀ ti máa ń tán. Ẹnì kan á ní kí ẹ lẹ táìsì mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, ẹlòmíì á ní ọ̀dà olóòróró ló lè dá omi dúró. Ẹ kọ̀ fún wọn. Omi náà á gba ẹ̀yìn táìsì gòkè, á sì yọ lókè rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tó ń hù yẹn, iyọ̀ ni; búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbọ̀n ọ́n, torí bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, inú ògiri ni yóò padà sí.

Tí ẹ bá ha á tí ẹ bá amọ̀ nínú dípò bùlọ́ọ̀kù, ẹ má ṣe fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ mọ́. Amọ̀ máa ń mí. Sìmẹ́ǹtì á dí i pa, amọ̀ á rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ya lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Amọ̀ pupa tí a fi yanrìn àti koríko gbígbẹ pò la fi ń rẹ́ ògiri amọ̀.

Tí ẹ bá ń rẹ́ ògiri bùlọ́ọ̀kù, ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí ìwọ̀n yanrìn mẹ́rin. Ẹ dán yanrìn wò kí ọkọ̀ tó já a: ẹ bù ú dé ìdajì ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ mì í, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ á jókòó sórí yanrìn. Tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ dá ọkọ̀ náà padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá rẹ́ ẹ tán, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, kẹ́ ẹ sì dúró títí di ọjọ́ 28 kí akunlé tó dé. Ọ̀dà olómi ni kó lò.

Fèrèsé, iná àti àga kò ṣòro. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa kó ewé kúrò nínú gọ́tà kí òjò àkọ́kọ́ oṣù kẹta tó rọ̀, kí ẹ sì máa san owó rẹ̀ lára owó tí àwọn onínàáwó ń san láti lo gbọ̀ngàn náà.