Irin Gáàdì Ẹ́ńjìnnì Ọ̀kadà: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Owó Táṣẹ́rẹ́ Di Owó Gọbọi

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó fọ́ n'Ìbàdàn ni eré àsápajúdé fọ́. Ọ̀kadà lè dúró jẹ́ẹ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Àrẹ̀, kí sítáńdì rẹ̀ rì sínú ilẹ̀ tí òjò ti rẹ, kó sì wó lulẹ̀ gbì. Ẹlòmíì fẹ́ yà fún mọ́tò akérò ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, táyà iwájú yọ̀ létí gọ́tà, ọ̀kadà sùn lé ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹni tó gùn ún á dìde, á gbọn ṣòkòtò rẹ̀, á ní òun ò fara pa. Kò fara pa lóòótọ́, àmọ́ kọ́fà ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ti là. Álúmíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà ni kọ́fà yẹn. Tó bá forí gbá òkúta, kì í tẹ̀ bí irin, ńṣe ló máa ń sán. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì Boxer ò sì ju nǹkan bíi líta kan lọ. Bó bá ń jò díẹ̀díẹ̀ láti Géètì, tí ọlọ́kadà gbé èrò méjì tó forí lé Mọ́níyà láì wo ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè ti nọ́ọ̀kì kó tó dé Ọjọ́ọ. Mẹkáníìkì á ní ká fi gọ́ọ̀mù fo-mínìtì dí i ná. Ó lè gbé e délé, ṣùgbọ́n ooru àti ọ́ìlì ò ní jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀.

Ohun tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ èyí ni irin gáàdì, páìpù tí wọ́n tẹ̀ yí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ká. Gáàdì tó dára kò ní láti wọ́n. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la bẹ̀ ẹ́: kí òun kan ilẹ̀ kí kọ́fà tó kàn án. Èyí tí wẹ́dà àdúgbò ṣe lè ṣe iṣẹ́ yẹn ju èyí tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá lọ. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni pé ojú la fi ń rà á, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ àti rúlà ló yẹ ká fi rà á.

Dídán kọ́ ni líle

Ẹ dé Aráròmí ní Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta sípíà páàtì, ẹ ó rí gáàdì tí wọ́n gbé kọ́ sókè tó ń kọ mànà. Kúróòmù ló ń dán yẹn. Kò nípọn tó bébà, kò sì sọ nǹkan kan fún yín nípa páìpù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mìíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé páìpù tí wọ́n fi ń ṣe àga onírin ni wọ́n pa láró.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bí ara páìpù ṣe nípọn tó, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó lójú. Ẹ wo ẹnu páìpù tàbí etí ihò bóòtù, ẹ fi rúlà lé e. Fún ọ̀kadà bíi Boxer tàbí TVS, páìpù tó fẹ̀ tó mílímítà 25, tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 2, ti tó. Tí kò bá sí ihò tí ẹ lè yọjú wò, ẹ gbé e lọ́wọ́. Mítà kan irú páìpù yẹn máa ń wọn nǹkan bíi kílò 1.1, tó bá jẹ́ mílímítà 1 péré ló nípọn, nǹkan bíi kílò 0.6 ni yóò wọ̀n. Ọwọ́ lásán mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ọ̀kadà tó lé ní kílò 100 ló máa wó lé e lórí o, ká tó ka ẹrù mọ́ ọn. Gáàdì fẹ́lẹ́ á ká wọnú, á ki ara mọ́ kọ́fà, gáàdì ló wá di ohun tó fọ́ ẹ́ńjìnnì.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń sá fún èyí, tí wọ́n á ní kí wẹ́dà fi páìpù omi tó ki pọ́pọ́ ṣe é. Gáàdì tí kò lè tẹ̀ rárá, ibi tí wọ́n so ó mọ́ ló máa ń ti ìyà sí: bóòtù á já, tàbí kí ṣáàsí tẹ̀, títún ṣáàsí ṣe sì le ju pípààrọ̀ kọ́fà lọ. Gáàdì tó tẹ̀ díẹ̀ nígbà ìṣubú ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Páìpù omi tún ní wàhálà tirẹ̀. Síńkì tí wọ́n fi bò ó kó má dípẹtà máa ń rú èéfín funfun nígbà tí wọ́n bá ń fi iná wẹ́dà jó o, èéfín tó lè dá ibà sí ẹni tó fà á símú lára, ojú ìjó náà kì í sì í mú dáadáa àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ ha síńkì yẹn kúrò. Wẹ́dà tó bá ń jó o láìha á, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Tí owó bá le, ẹ má ra odindi páìpù. Odindi gùn tó nǹkan bíi mítà 6, bẹ́ẹ̀ gáàdì ọ̀kadà kan kì í sábà gbà ju mítà 2 lọ. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà tó ń ṣe géètì àti bọ́gúlárì ní àjẹkù nílẹ̀; ẹ fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dúnàá dúrà. Kí wẹ́dà tẹ páìpù náà, kó má gé e sí wẹ́wẹ́ kó wá jó o pọ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Kó sì rọ iyanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí igun tó bá ti pẹlẹbẹ ti di ibi tí yóò ti ká.

"Ẹ jẹ́ n jó o mọ́ ọn pátápátá"

Nínú gbogbo ohun tí wẹ́dà lè sọ, gbólóhùn yìí ló máa ń náni lówó jù. "Bọ̀dá, bóòtù wo lẹ tún ń wá kiri? Ẹ jẹ́ n jó o mọ́ ṣáàsí pátápátá, kò ní yẹ̀ títí ayé." Kò ní yẹ̀ lóòótọ́, wàhálà ibẹ̀ sì nìyẹn.

Ṣáàsí ọ̀kadà kì í ṣe irin géètì. Páìpù rẹ̀ kò nípọn púpọ̀. Iná tí wọ́n fi jó nǹkan mọ́ ọn lè fà á wọ́, etí ibi tí iná dé yẹn ló sì lè ti sán lọ́jọ́ iwájú. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ fún àtúnṣe, gáàdì lè dí i lọ́nà, kí wọ́n tún máa wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Lọ́jọ́ tí ọ̀kadà bá wó, kò sí bóòtù tó máa bá ṣáàsí gba nínú ìyà náà. Ti iná mànàmáná tún wà ńbẹ̀: iná wẹ́dà lè ba CDI jẹ́, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, tí wọn ò bá tú bátìrì kúrò. Táǹkì epo ń bẹ lókè, iná ń ta pàrà nísàlẹ̀. Kí wẹ́dà gbé gáàdì lé ara ọ̀kadà, kó fi ẹfun sàmì síbi tó yẹ, kó wá gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ jó o lọ́nà jíjìn.

Bóòtù ni kí ẹ bèèrè fún. Níbẹ̀ náà, èèyàn lè ṣì í ṣe. Àwọn bóòtù kéékèèké tó di kọ́fà ẹ́ńjìnnì mú, mílímítà 6 ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, iṣẹ́ wọn ni kí kọ́fà lẹ̀ kí ọ́ìlì má jò. Ẹni tó bá so gáàdì mọ́ wọn, lọ́jọ́ ìṣubú, etí kọ́fà ló máa bá gáàdì ya. Ibi tó tọ́ ni bóòtù ńlá tó gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sára ṣáàsí níwájú, àti páìpù ṣáàsí tó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì. Kó di ojú méjì mú, ó kéré tán. Èyí tó di ojú kan mú á kàn yí ni. Bóòtù tuntun á gùn ju ti àtijọ́ lọ, nítorí irin gáàdì ti jẹ nínú gígùn rẹ̀, àmọ́ kí fífẹ̀ wọn bára mu, kí wọ́n sì kọ 8.8 sí orí rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí bóòtù ṣe lágbára tó. Èyí tí orí rẹ̀ mọ́ lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń de bẹ́ẹ̀dì, ẹ dá a padà. Ẹ fi pákó gbé ẹ́ńjìnnì ró lábẹ́ kẹ́ ẹ tó fa bóòtù àtijọ́ yọ, kó má baà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí àwọn ihò má ríra mọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ ti ń gùn ún, ẹ tún fi sípánà kàn án wò, torí ẹ́ńjìnnì onípísítìn kan máa ń gbọ̀n, ó sì máa ń tú bóòtù.

Ọ̀tọ̀ ni ihò Boxer, ọ̀tọ̀ ni ti TVS. Ẹni tó bá ní "á wọ̀ ọ́, ẹ kàn fẹ ihò rẹ̀ díẹ̀," ohun tó ń tà fún yín ni bóòtù tí yóò máa mì nínú ihò. Ẹ gun ọ̀kadà náà lọ, kẹ́ ẹ gbé gáàdì lé e lójú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lápò.

Ẹ dà á wó kó tó dá ara rẹ̀ wó

Kọ́bọ̀ kan èyí ò ná yín. Ẹ ti epo pa. Kí èèyàn méjì di ọ̀kadà mú, kí wọ́n rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, títí gáàdì yóò fi kan ilẹ̀. Kí ẹnì kẹta bẹ̀rẹ̀, kó ki ìka méjì bọ àárín kọ́fà àti ilẹ̀. Tí ìka ò bá kọjá, gáàdì yẹn ò fẹ̀ tó. Ẹ ṣe é lósì, níbi tí kọ́fà magínẹ́ẹ̀tì àti ẹsẹ̀ jíà wà. Ẹ ṣe é lọ́tùn-ún, níbi tí kọ́fà kílọ́ọ̀ṣì àti kíìkì wà. Ẹ wo ẹsẹ̀ jíà yẹn dáadáa. Òun ló lè tẹ̀ wọnú kó lọ lu kọ́fà, kí gáàdì wà níwájú níbẹ̀ kó má mọ nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé e dìde, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ dé òpin lápá méjèèjì, ẹ ta kíìkì, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ dópin, ẹ yí jíà. Kí èèyàn méjì tún fi gbogbo ara tẹ ọwọ́ ọ̀kadà mọ́lẹ̀ kí ṣọ́ọ̀kì iwájú wọlé, nítorí táyà máa ń sún mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá bọ́ sí kòtò. Ẹ wò ó pé gáàdì ò kan ọrùn sáìléńsà.

Fífẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Mo ti rí èyí tó fẹ̀ ju ọwọ́ ọ̀kadà fúnra rẹ̀ lọ. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìwó Road, irú wọn ló ń kọ́ bọ́ḿpà onímọ́tò, tàbí ojúgun ìyá tó ń sọdá jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì rò pé torí ẹsẹ̀ yín la ṣe dè é síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló wà fún. Ẹni tó ra gáàdì tí kò ra àṣíborí ti fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Gáàdì ẹ̀gbẹ́ kì í gba òkúta tó ń ta láti abẹ́. Ẹni tí ọ̀nà ilé rẹ̀ jẹ́ yangí lè fi páànù álúmíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 3 tàbí 4 sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n lu ihò síbi tí nọ́ọ̀tì ọ́ìlì wà, kẹ́ ẹ má baà máa tú u ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Orí títì ọlọ́dà nìkan lẹ ti ń gùn ún? Ẹ fowó yín sápò. Ti àwọn rọ́bà líle róbótó tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà eléré, mi ò rí ohun tó máa ṣe fún Boxer. Ilẹ̀ rírọ̀ ló máa rì sí.

Ohun tí à ń so mọ́ ọn

Ẹ wo àwọn gáàdì tó ń lọ ní títì nígbà òjò. Wọ́n ti fi rọ́bà tàbí bánà òṣèlú bò wọ́n látòkè délẹ̀, kí omi gọ́tà má baà ta sí ẹsẹ̀. Ọgbọ́n ni fún ẹsẹ̀. Àmọ́ kò sí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì Boxer tutù, atẹ́gùn ni. Àárín àwọn abẹ́ pẹlẹbẹ tó tò léra wọn lára rẹ̀ yẹn ló ń gbà kó ooru lọ. Ẹ wá dí i níwájú, kẹ́ ẹ gbé èrò méjì gun Òkè Mápó. Àwòrán olùdíje tó ń rẹ́rìn-ín níwájú ẹ́ńjìnnì ò ní bá yín dáwó písítìn. Tó bá di dandan, kí rọ́bà náà mọ sí iwájú ẹsẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, kí àárín ṣí sílẹ̀ gbayawu, kẹ́ ẹ sì tú u tí òjò bá dá.

Kẹ́ẹ̀gì epo tàbí omi kì í ṣe ohun tí à ń fi kọ́ gáàdì, ó ń tú bóòtù. Tíúbù tí wọ́n wé mọ́ páìpù kí ọ̀dà má baà bó máa ń gba omi sábẹ́, ìpẹtà á sì máa jẹ irin lọ níbi tí ojú ò tó. Ọ̀dà pupa tí wọ́n ń kọ́kọ́ kun irin ni kí ẹ kùn ún, kí àwọ̀ tó wù yín tó gorí rẹ̀. Kí wẹ́dà dí ẹnu páìpù méjèèjì, kó sì lu ihò kékeré kan síbi tó relẹ̀ jù, kí omi tó bá ráyè wọlé lè rí ibi jáde.

Àlòkù náà ṣe é rà, tẹ́ ẹ bá mọ ohun tẹ́ ẹ máa wò. Ẹ fi èékánná ha ọ̀dà lójú ibi tí wọ́n jó. Ìlà tín-ín-rín tó pupa bí ìpẹtà, sísán ni. Ẹ wo igun rẹ̀ bóyá ó ti ká rí tí wọ́n wá fi iná nà án, nítorí páìpù tó ti ká lẹ́ẹ̀kan, ojú ibẹ̀ náà ni yóò tún ká sí. Bákan náà ni ti tiyín bí ọ̀kadà bá wó: kí wọ́n gé ibi tó ká yẹn sọnù, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ihò bóòtù tó bá ṣì rí róbótó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Bóòtù tó wà níbẹ̀ nígbà tó wó ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Òun lowó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo rẹ̀.