Bí mo ṣe kọ ìtàn ìgbé ayé Bàbá Sọ́jà

Nígbà tí Bàbá Sọ́jà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, papò dà ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbé ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ojú ewé méjì péré. Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ kan ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà mí.

Ọdún tí a bí wọn ni mo kọ́kọ́ wá. Ìwé ìwakọ̀ mẹ́ta ni mo bá nínú àpótí páànù wọn, ọjọ́ orí inú wọn ò sì bára mu. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ló là á: "Ó ń rá nílẹ̀ nígbà tí àwọn tó lọ sógun Bọ́má ń darí bọ̀." Ogun yẹn, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kejì, parí ní 1945, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wa sì dé ilé ní 1946. Mo wá kọ ọ́ pé "ní nǹkan bí ọdún 1945." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hùmọ̀ ọjọ́ ìbí fún òkú. Ẹ bi àgbà léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà.

Ti ogun abẹ́lé ló le. Ìwé tí wọ́n fi gba ìdásílẹ̀ wà nínú àpótí: wọ́n wọṣẹ́ ológun ní 1967, wọ́n kúrò ní 1971, awakọ̀ ni wọ́n. Abẹ́ Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwọn, ni wọ́n wà, nínú ẹ̀ka tó gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún ọdún 1968. Ìyẹn náà sì ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún wa rí. Bí a bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n jẹun."

Ni mo bá lọ sí àdúgbò Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ bàbá tó jẹ́ mótòbọ́ì wọn látijọ́. Lọ́rì Mercedes 911 ni wọ́n jọ ń wà: obì ni wọ́n ń gbé lọ sí Kánò, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ni wọ́n ń gbé bọ̀. Bàbá náà rántí April 2, 1972, ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. "Ọ̀gá so aṣọ pupa mọ́ apá ọ̀tún kí wọ́n má baà gbàgbé."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí tí n kò gbọ́ rí.

"Bí a bá bá ìjàǹbá lọ́nà, ìbáà jẹ́ òru, Ọ̀gá á dúró. Lọ́jọ́ kan, láàrin Jẹ́bà sí Ìlọrin, ìdajì àlùbọ́sà la dà sínú igbó ká lè rí àyè tẹ́ àwọn tó fara pa sórí tapólì. Inú bí ẹlẹ́rù. Ọ̀gá san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo ní, 'Ọ̀gá, kí ló dé?' Wọ́n ní, 'Ọmọ tí mo gbé lójú ogun tí ò dé ọsibítù láàyè pọ̀. Èyí tí mo bá rí báyìí, á dé.'"

N kò lè kọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo ya ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀. Oyè ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo fi ẹyọ kan sílẹ̀, mo fi àlùbọ́sà rọ́pò ìyókù. Olórí ẹbí ò fẹ́ ẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà.

Mo padà sí Tákíé lọ kà á fún bàbá náà, torí wọn ò mọ̀wé. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n mi orí.

"Ìwọ ọmọ yìí, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n o ò kọ ọ́ pé wọ́n máa ń pa ọkọ̀ kí wọ́n tó kí àgbà. Ìbáà jẹ́ ìyá tó ru igi bọ̀ láti oko, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, kí ohùn wọn lè dé etí rẹ̀."

Ìwé ti wà lọ́wọ́ atẹ̀wé nígbà náà. Mo pè é lórí fóònù, mo ní kó yọ oyè tó kù yẹn, kó fi ọ̀rọ̀ bàbá náà síbẹ̀.