Láfún, pulse àti gbohùngbohùn tó kọ̀ tí kò padà

Ìbéèrè (láti Kàbbà): Òkun o, ẹ̀gbọ́n. Láfún tí ìyá mi sá sórí àpáta ni mo fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ NMR (tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò yẹ inú nǹkan wò) wà, fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Wọ́n fi pulse 90° (ìgbì rédíò kúkúrú tó ń yí òòfà kékeré inú hydrogen ní 90°) lu hydrogen inú rẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fi 180° tẹ̀ lé e, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní gbohùngbohùn Hahn. Gbohùngbohùn tó padà, ìyẹn àmì tí hydrogen dá padà, kò tó nǹkan. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò. O ò ṣì í. Bí agbára òòfà ẹ̀rọ kò bá dọ́gba níbi gbogbo, àwọn spin (òòfà kékeré inú hydrogen) kan á ṣáájú, àwọn kan á rẹ̀yìn. 180° á mú wọn tún pàdé. Ṣùgbọ́n nínú ohun líle, hydrogen tó ń fa èkejì rẹ̀ ni wàhálà tó pọ̀ jù. Tú òòfà méjì lára spíkà rédíò tó ti bàjẹ́, kí wọ́n gbá ara wọn mú. Yí ẹyọ kan: wọ́n á máa ti ara wọn. Yí méjèèjì pọ̀: wọ́n á tún gbá ara wọn mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo hydrogen ni 180° ń yí pọ̀, nítorí náà ìfà àárín wọn kò yí padà.

Díẹ̀ tó padà yẹn, omi ni mo fura sí. Oòrùn orí àpáta kì í gba omi tán, hydrogen inú omi kì í sì í dúró sójú kan, ìfà náà ń pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ní kí wọ́n fi 90° rọ́pò 180°. Bí ti àkọ́kọ́ bá kọjú sí X, kí èyí kọjú sí Y tó dábùú rẹ̀, kí àlàfo wọn wà ní nǹkan bíi màíkírósẹ́kọ́ńdì 10. Tó bá jẹ́ hydrogen méjì péré, gbogbo rẹ̀ ni yóò padà. Nínú láfún, apá kan ni.

Ìbéèrè: Nígbà tí wọ́n fi 180° lù ú léraléra, àmì náà pẹ́ gan-an. Ṣé ìṣọ̀kan àwọn spin, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń rìn pọ̀, ló gùn bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Jọ̀ọ́, má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Pulse ń gba àkókò, spin sì ń fa ara wọn bó ṣe ń lù wọ́n. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale, ní Amẹ́ríkà, gbé irú rẹ̀ jáde lórí sílíkọ́nì ní 2003: àmì pulse léraléra pẹ́ fíìfíì ju ti Hahn lọ. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, 180° lójú X, lẹ́yìn náà lójú Y. Bí méjèèjì ò bá pẹ́ bákan náà, pulse ló ń dá sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn pulse náà o: lẹ́yìn 180° ẹyọ kan, àmì gbọ́dọ̀ di òdo.