D7000 tòkunbọ̀ ni àbí Sony inú àpò? Bí mo ṣe yan kámẹ́rà tí mo fi ń ya iṣẹ́ adìrẹ l'Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá tọ́jú owó díẹ̀, tó fẹ́ fi ra kámẹ́rà gidi, kò ní pẹ́ kó tó bá ìbéèrè yìí pàdé: ṣé kó ra ńlá tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ fótò máa ń gbé kọ́ ọrùn lóde ìnáwó, àbí kó ra kékeré tó ń wọ àpò ṣòkòtò? Èmi náà bá a pàdé nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya iṣẹ́ adìrẹ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ṣe l'Abẹ́òkúta. Iye tí wọ́n ń pe àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo wá gbé àwọn méjèèjì lọ síbi iṣẹ́, mo fi ya ohun kan náà. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń bèèrè nípa kámẹ́rà kọ́ ló pinnu rẹ̀ fún mi.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò lo fóònù. Fóònù mi ń ya àwòrán tó dùn ún wò lórí WhatsApp. Àmọ́ tí mo bá fa àwòrán aṣọ gbòòrò, màá rí i pé fóònù ti dán ojú òwú náà jù, kò wá sí bí ẹni tó mọ aṣọ ṣe máa sọ bóyá ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ (láfún tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ) sí i tàbí páànù tí wọ́n gé ní bátànì. Ìlà ìyẹ́ máa ń nípọn níbì kan, á tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn. Ìlà páànù máa ń gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ń hàn nínú ìyàtọ̀ yẹn, òun gan-an ni mo sì fẹ́ tọ́jú.

Ńlá tí mo ń sọ ni Nikon D7000, tó jáde lọ́dún 2010. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ni ín. Ó ti fi ya ìgbéyàwó púpọ̀ kó tó ra tuntun, lẹ́ńsì 18-105mm, èyí tó ṣeé fà súnmọ́, tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ ọn ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kékeré ni Sony RX100 àkọ́kọ́, ti ọdún 2012. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà gbà kí n gbé e lọ dán wò kí n tó sanwó. Tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni èèyàn fẹ́ wò, Sony ló borí: megapixel (mílíọ̀nù àmì tó para pọ̀ di àwòrán) 20.2 ni, ti Nikon jẹ́ 16.2. Gíráàmù 240 ni Sony pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú rẹ̀. Nikon pẹ̀lú lẹ́ńsì yẹn tó 1,200, ìlọ́po márùn-ún, ìyẹn sì ń wọra fún ẹni tó máa dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni mo ti kọ́kọ́ lò wọ́n. Ẹni tó bá mọ oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta mọ ohun tí mo ń sọ. Sony kò ní ihò tí èèyàn ń fi ojú sí, àfi kéèyàn máa wo skríìnì ẹ̀yìn rẹ̀, nínú oòrùn yẹn sì rèé, ojú ara mi ni mo ń rí nínú skríìnì náà. Ọwọ́ kan ni mo fi ń ṣíji bò ó kí n tó mọ̀ bóyá etí aṣọ ti gé kúrò. Ti Nikon yàtọ̀. Dígí àti gíláàsì ló ń gbé ohun tó wà níwájú wá sínú ihò rẹ̀, nítorí náà bí oòrùn ṣe ń ràn tó ni ibẹ̀ ń mọ́lẹ̀ tó, gbogbo ohun tó máa wọ inú àwòrán ló sì ń hàn, kò gé etí kankan. Aṣọ onígun mẹ́rin ni mò ń yà, mo sì fẹ́ kí etí aṣọ àti etí àwòrán bára mu. Èyí ràn mí lọ́wọ́ gan-an.

Àmọ́ nígbà tí mo kó àwọn àwòrán ìta yẹn sórí kọ̀ǹpútà, mi ò rí ìyàtọ̀ tó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ gbé ẹrù. Ìbàdàndùn kan wà lórí okùn lọ́jọ́ náà, irú adìrẹ tí wọ́n máa ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn sí. Àwòrán Sony fi ojú òwú tó wà láàárín àwọn òpó yẹn hàn kedere, kódà ó ju ti Nikon lọ díẹ̀ tí mo bá fà á gbòòrò. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìta, nínú ìmọ́lẹ̀, ló ti máa ń ya àwòrán, kó ra kékeré, kó fọkàn balẹ̀.

Inú abà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Màmá Ìtòkú, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà, jókòó sórí àpótí, pátákó wà níwájú wọn, aṣọ funfun wà lórí pátákó, ẹ̀kọ láfún sì wà nínú abọ́. Wọ́n á ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, wọ́n á fi etí abọ́ nù ún díẹ̀, wọ́n á wá fa ìlà láti òkè wá sísàlẹ̀ láìgbé ọwọ́ rárá. Ọwọ́ wọn yá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé nìkan ló wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ lo fláàṣì, torí fláàṣì máa ń jẹ́ kí ẹ̀kọ tútù kọ mànà, gbogbo ìlà á sì pòórá. Mo kọ́kọ́ fi Nikon yà á. Àní nígbà tí mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi kún agbára ìmọ́lẹ̀, dé 3200, ọwọ́ wọn ṣì ń rí bàìbàì. Mo mú Sony, mo fi sí ibi tó ti ń fẹ̀ jù lọ, níbi tó ti ń kó ohun púpọ̀ jù wọ àwòrán láìfà á súnmọ́. Ọwọ́ hàn, ìyẹ́ hàn, ẹ̀kọ tó ń kán lẹ́nu ìyẹ́ náà hàn.

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé sẹ́ńsọ̀ ńlá (ojú inú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí) ló ń ríran lókùnkùn máa rò pé irọ́ ni mo ń pa. Òótọ́ ni pé sẹ́ńsọ̀ Nikon yìí tóbi ju ti Sony lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀: 23.6 sí 15.6 mìlímítà ni, ti Sony jẹ́ 13.2 sí 8.8. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́ńsì. Nọ́ńbà f tí wọ́n ń kọ sára lẹ́ńsì, bó bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń là tó. Ti Sony là dé f/1.8. Ti 18-105mm yẹn kò là ju f/3.5 lọ, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gba ojú f/1.8 kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tó ń gba f/3.5. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ ńlá jèrè, lẹ́ńsì tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti gbà á padà, ó tún fi díẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń ta àwọn kámẹ́rà ńlá àtijọ́ wọ̀nyí nìyẹn, pẹ̀lú lẹ́ńsì tó há lójú, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rà á tán tí wọ́n á ní kò ju fóònù àwọn lọ.

Lẹ́ńsì Nikon ṣeé yọ, ti Sony kò ṣeé yọ. Mo yá lẹ́ńsì 35mm f/1.8 kan, kékeré ni, kò ju 200 gíráàmù lọ, mo dè é mọ́ D7000 yẹn, mo sì padà síwájú pátákó Màmá Ìtòkú. Báyìí, ojú lẹ́ńsì méjèèjì dọ́gba, sẹ́ńsọ̀ tó fi ìlọ́po mẹ́ta tóbi wá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iyanrìn tó máa ń bo àwòrán lókùnkùn dín kù débi pé mo lè ka ìṣọwọ́hun aṣọ lábẹ́ ẹ̀kọ. Ẹ tún rántí pé f/1.8 Sony kò sí níbòmíràn àfi níbi tó ti ń fẹ̀ jù lọ. Bí èèyàn bá ti ń fà á súnmọ́ ni ojú rẹ̀ ń há, nígbà tó bá máa dé òpin ó ti di f/4.9. Láti ya ọwọ́ àti ìyẹ́ nìkan láìkó gbogbo abà pọ̀, mo ní láti fà á súnmọ́, tàbí kí n gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn débi tí òjìji mi máa bo aṣọ.

Ibì kan wà tí kékeré ti ń borí, mi ò sì ní fi í pa mọ́. Bí mo ṣe gbé Nikon jáde, iṣẹ́ dúró. “Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kí n wé gèlè mi ná!” Àwọn tó ń rẹ aṣọ gbé ọwọ́ kúrò nínú aró, wọ́n tò, wọ́n ń wo ẹnu lẹ́ńsì. Àwòrán yẹn dára, mo sì fún wọn, àmọ́ àwòrán iṣẹ́ kọ́. Nígbà tí mo mú Sony dání, kò sẹ́ni tó kà á sí, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọ́n ń rẹ aṣọ wọn. Nínú ọjà Ìtòkú fúnra rẹ̀, níbi tí èrò pọ̀ sí, ìyàtọ̀ náà tún ju báyìí lọ, torí ẹni tó gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn, wọ́n á ti rò pé iléeṣẹ́ ìròyìn ló rán an wá. Tó bá jẹ́ pé inú ọjà ni mo fẹ́ máa yà, Sony ni ǹ bá rà. Ṣùgbọ́n inú agbo ilé ni iṣẹ́ mi wà, mo sì rí i pé tí mo bá jókòó tì wọ́n pẹ́, tí mo ń bá wọn pọn omi, tí mo ń bá wọn sá aṣọ, ojú wọn á kúrò lára kámẹ́rà.

Àwọ̀ ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde látinú aró ẹ̀lú, kì í tíì dúdú: àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ló máa ń ní. Bí atẹ́gùn ṣe ń kàn án lójú ẹni ni á máa yí padà, búlúù á kọ́kọ́ yọ níbi tí atẹ́gùn ti ń kàn án jù, á wá tàn dé ibi yòókù. Kámẹ́rà méjèèjì ló ṣì í nígbà tí mo ní kí wọ́n fúnra wọn wọn àwọ̀, torí tí búlúù bá kún gbogbo àwòrán, kámẹ́rà á fẹ́ fi pupa àti yẹ́lò dí i, aró tó dára á wá dà bí èyí tó ti ṣá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo na aṣọ funfun tí wọn ò tíì rẹ sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, mo fi wọn àwọ̀, mo tì í pa síbẹ̀, mo sì ń ya RAW, ìyẹn àwòrán tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, tí mo lè tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Sony àti Nikon ló lè ṣe èyí. Àmọ́ lára Nikon, bọ́tìnì rẹ̀ wà níta, ó tóbi, ọwọ́ tí omi wà lára rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ láìwò ó. Ti Sony wà nínú mẹ́nù, nígbà tí mo bá fi máa rí i, aṣọ ti dúdú tán.

Ní ti bátìrì, ìdánwò ilé iṣẹ́ fi hàn pé Nikon lè ya bíi àwòrán 1,050 kí bátìrì tó tán, Sony bíi 330. Sony ṣeé fi okùn micro-USB, irú ti fóònù àtijọ́, gba iná lára power bank, èyí sì dára níbi tí iná kì í dúró. Bátìrì Nikon méjì tí mo bá ti gbà ní iná sílẹ̀ ń gbé mi gba gbogbo ọjọ́.

Kí n tó sanwó, mo yẹ ọjà wò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fo èyí. Nikon dán ṣátà D7000, ìyẹn ìbòjú tó ń ṣí tó ń padé bí èèyàn bá ń yà, wò dé ìgbà 150,000. Iye ìgbà tó ti ṣí wà nínú ìsọfúnni àwòrán tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ẹ ní kí wọ́n yà ọ̀kan níwájú yín kẹ́ ẹ kà á. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì kọjá: tẹ́ ẹ bá rí ohun funfun tó hu sínú gíláàsì bíi ti búrẹ́dì tó bu, ẹ má ràá. Ẹ ya ojú ọ̀run ní f/16, kẹ́ ẹ wá àmì dúdú. Tí àmì bá wà lórí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà ńlá, wọ́n lè nù ún. Tó bá wà nínú kékeré, àfi kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀, torí lẹ́ńsì tó ń yọ jáde tó ń wọlé yẹn ló ń fa eruku wọ inú, ìgbà ọyẹ́ ló sì burú jù. Mo rí àmì méjì lára Sony yẹn.

D7000 ni mo rà. Mi ò gba 18-105mm pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọ owó rẹ̀ kúrò, mo sì fi ra 35mm f/1.8 tòkunbọ̀. Ihò káàdì méjì ló wà lára rẹ̀, mo ṣètò rẹ̀ kí gbogbo àwòrán wọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń bá mi lọ sílé, ìkejì ń wà lọ́dọ̀ Màmá Ìtòkú nínú àpótí tí wọ́n ń kó aṣọ àtijọ́ sí. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé 35mm yìí kò lè súnmọ́ ohun ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, mo sì fẹ́ ya àwọn ìlà tín-ín-rín tó máa ń wà níbi tí ẹ̀kọ gbígbẹ ti sán, tí aró gba ibẹ̀ wọlé. Micro 40mm f/2.8 ti Nikon, lẹ́ńsì tó ń ya ohun kékeré láti ìtòsí, lè dé ibẹ̀. Òun ni mo ń wá kiri báyìí, tẹ́ ẹ bá rí tòkunbọ̀ rẹ̀ tí inú gíláàsì rẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó mi létí.